Ilé ni Àbọ̀sinmi Oko: Ibùgbé àti Ibi Iṣẹ́ ní Ọgbà, Ìkẹjà àti Agége

1. Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni àjọṣe tí ó wà láàárín ibi tí òṣìṣẹ́ ń sùn àti ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ìkẹjà, Ọgbà àti Agége. Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà sọ ìtàn agbègbè yìí. Àwọn kan a máa ka àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ení, èjì, wọn a sì yin ìjọba tí ó fi ètò dá wọn sílẹ̀. Àwọn mìíràn a máa tọ́ka sí ọjà kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà. Wọn a ní ìjọba kò pe ẹnikẹ́ni síbẹ̀, òwò sì búrẹ́kẹ́. Èrò tiwa ni pé ìhà méjèèjì gbójú fo ohun kan náà, èyí ni ilé: yàrá tí òṣìṣẹ́ háyà, olóúnjẹ tí ó ń tà fún un láwìn, àti ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀sinmi oko. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé ní agbègbè yìí, ilé ju àbọ̀sinmi lọ. Òun gan-an ni ó gbé oko ró.

Ìgbà mẹ́ta ni a ó yẹ̀ wò: ìgbà oko kòkó, ìgbà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti ìgbà kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo ètò láti kó ọjà Ọ̀tígbà lọ sí Kàtàngówà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtàn yìí ti kan jíjẹ àti mímu àwọn ènìyàn tí wọ́n wà láàyè.

2. Ìgbà Oko

Ilẹ̀ Àwórì ni agbègbè tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó; nígbà tí yóò fi di 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Agége wà lójú ọ̀nà náà. Ní àkókò kan náà, òwò ti ń nira fún àwọn oníṣòwò Èkó tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn kan nínú wọn sì yíjú sí iṣẹ́ oko ní Agége. J. K. Coker, tí oko rẹ̀ wà ní Ifakọ̀, ni a mọ̀ jù nínú wọn. Ní 1907, àwọn olóko ńlá yìí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Agege Planters' Union.

Kì í ṣe èrè tí wọ́n rí nínú kòkó ni a fẹ́ tẹnu mọ́. Àwọn alágbàṣe wá sí àwọn oko wọ̀nyí láti ilẹ̀ Yorùbá tí ó jìnnà sí òkun. Wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n gbé níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sí ìlú wọn, ìmọ̀ náà bá wọn lọ. Bákan náà ni obì mú àwọn oníṣòwò Hausa wá sí Agége. Àwọn púpọ̀ nínú wọn fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nítorí náà, ṣáájú kí a tó gbọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kankan ní agbègbè yìí ni Agége ti jẹ́ ibi tí àlejò ń gbé, tí ó sì ti ń kọ́ṣẹ́.

3. Ìgbà Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ

Kò yẹ kí a gbàgbé pé Ìkẹjà kò sí lábẹ́ Èkó ní àwọn ọdún 1950. Abẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí ó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú ni ó wà, títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ẹkùn náà tẹ́ àgbègbè ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Ìkẹjà. Ìdí rẹ̀ yéni: ilẹ̀ ìjọba náà ni, rélùwéè gba ibẹ̀ kọjá, pápákọ̀ òfurufú wà nítòsí, èbúté Èkó kò sì jìnnà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962. Dunlop tí ń ṣe táyà tẹ̀ lé e. Cadbury fìdí kalẹ̀ sí Agídíngbí, lẹ́bàá Ọgbà. Ní Ọgbà fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé wá dojú kọ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bá gba Acme Road kọjá yóò ti rí i.

Ètò ìjọba pèsè ọ̀nà, omi àti iná fún ẹ̀rọ. Ní ti àwọn tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà, àwọn onílé aládàáni ní Agége, Múṣin àti Ọgbà ni ó gba ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sílé. Onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Adrian Peace, ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbé ní Agége ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970; ìwé rẹ̀ jáde ní 1979. Ó kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbèrò láti darúgbó sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ń fi owó pamọ́ kí wọ́n lè dá òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ti ara wọn sílẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan fi okùn tí ó so ilé mọ́ ibi iṣẹ́ hàn gbangba. Ní òpin 1970, ìgbìmọ̀ tí Olóyè Simeon Adébọ̀ jẹ́ alága rẹ̀ dábàá pé kí a fi kún owó òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n tí ó gba ìlú. Nígbà tí àríyànjiyàn dìde lórí bóyá ó di dandan kí àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni san owó náà, ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971. Àwọn ìyálọ́jà, onílé àti awakọ̀ Agége kò sí lábẹ́ agbanisíṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n wọn kò ka ìjà náà sí ìjà ẹlòmíràn. Bí òṣìṣẹ́ bá gbowó, owó ilé yóò wọlé, gbèsè àwìn yóò san, ọjà yóò sì tà. Àwọn tí ó ń pe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọ̀tọ̀kùlú láàárín àwọn mẹ̀kúnnù kò wo ilé wọn kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

4. Ìgbà Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé dé ní 1986, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀, àwọn ohun èlò tí ilé-iṣẹ́ ń kó wá láti òkè òkun wọ́n gógó. Àìdúró iná mànàmáná tún dá kún un. Ní 2008, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan di ilé ìkẹ́rùsí, àwọn mìíràn sì di ilé ìjọsìn.

Ní gbogbo ìgbà yìí, òpópónà ilé gbígbé ni Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn tí ń ta ohun èlò ọ́fíìsì, tí wọ́n sì ń tún un ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Wọ́n ń kó ẹ̀yà ara rẹ̀ wá láti Éṣíà, wọ́n sì ń tò ó pọ̀ fúnra wọn. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní oṣù Kẹjọ 2001, ọjà náà kún dé òpópónà Pepple, Ọlá Ayéní àti Francis Oremeji. Yàrá ìgbàlejò di ìsọ̀, àtẹ̀gùn di ibi ìpàtẹ, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì gba ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ìkẹjà ti àwọn ọdún 1950 ya ibi iṣẹ́ sọ́tọ̀, ó sì gbàgbé ilé. Ọ̀tígbà bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé, ó sì jẹ ilé náà tán.

Níbo wá ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń sùn? Ọ̀pọ̀ wọn padà sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ń gbé: Agége, Ifakọ̀, Ọgbà. Banji Oyelaran-Oyeyinka, nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí Ọ̀tígbà ní 2006, tọ́ka sí ipa pàtàkì tí ìkọ́ṣẹ́ kó nínú ìdàgbàsókè rẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò tí ì gba fíríìdọ̀m kò lówó oṣù tí a lè pè lówó. Bí kò bá sí ilé ọ̀gá, ilé ẹ̀gbọ́n, tàbí yàrá tí ènìyàn mẹ́rin jọ háyà, kò lè kọ́ṣẹ́ náà parí. Bí fóònù kan bá ju agbára rẹ̀ lọ, ó gbé e lọ sí ìsọ̀ kejì. Oníṣòwò sì lè gba ọjà láìsan owó, nítorí pé wọ́n mọ ilé rẹ̀. Bí alágbàṣe ti mú ìmọ̀ kòkó kúrò ní Agége lọ sí ìlú rẹ̀ láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó gba fíríìdọ̀m ní Ọ̀tígbà ń mú iṣẹ́ àtúnṣe fóònù lọ sí ibòmíràn.

5. Ọ̀rọ̀ Kàtàngówà

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé òun yóò kó ọjà náà lọ sí Kàtàngówà, ní ìhà Abúlé Ẹ̀gbá. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹjọ́ ìjọba. A kò la àwọn òpópónà Ọ̀tígbà fún irú èrò bẹ́ẹ̀. Bí iná bá sọ níbẹ̀, ọkọ̀ panápaná yóò ṣe wàhálà kí ó tó wọlé. Àwọn onílé tí wọ́n fẹ́ sùn náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀nà ti là nísinsìnyí: ọkọ̀ ojú irin Red Line tí a ṣí ní 2024 ń tọ ipa rélùwéè àtijọ́, ó sì ń dúró ní Agége àti ní Ìkẹjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè gbé òṣìṣẹ́. Kò lè gbé àwìn. Bí a bá kó ìsọ̀ nìkan lọ, oníṣòwò ńlá lè rí owó fi háyà ìsọ̀ tuntun. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́, olóúnjẹ àti atúnfóònùṣe tí ó ní tábìlì kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ ṣubú, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà ń gbà kọjá láti ọwọ́ kan sí òmíràn.

6. Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé láti ìgbà oko títí di ìgbà kọ̀ǹpútà, ohun tí à ń ṣe ní agbègbè yìí ń yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí à ń gbà gbé kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Iṣẹ́ kú, ilé kò kú. Ilé ni iṣẹ́ tuntun sì ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Fún àwa tí à ń kọ ìtàn, èyí túmọ̀ sí pé ìwé owó ilé àti ìwé alájọ yẹ ní kíkà bí ìwé ilé-iṣẹ́. Fún àwọn tí ń ṣètò ìlú, kí a tó béèrè iye ìsọ̀ tí Kàtàngówà lè gbà, ó yẹ kí a béèrè iye yàrá tí ó wà láyìíká rẹ̀, iye tí wọ́n ń gbà lórí wọn, àti ẹni tí yóò gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sílé. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a wò ó pẹ̀lú kí a tó ṣí ọjà nídìí.