Irin Tí Ẹ̀jẹ̀ Pọ̀n Sẹ́yìn

Alágbára ni irin tí wọ́n ń pè ní gadolinium! Bó bá wọ inú òòfà ńlá ẹ̀rọ MRI, omi ara tó bá súnmọ́ ọn a máa tàn yòò nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n májèlé ni bó bá ń dá rìn nínú ara ènìyàn. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé iṣẹ́ Schering ní Berlin wá fi èròjà DTPA dè é tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Magnevist, ó sì gba àṣẹ lọ́dún 1988.

Àmọ́ kì í dúró nínú ẹ̀jẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó ti ń jò gba ara iṣan ẹ̀jẹ̀ jáde. Dókítà tó ń wá ibi tí iṣan ti dí lẹ́sẹ̀ aláìsàn kò ní mọ iṣan yàtọ̀ sí ẹran mọ́.

Ní Boston, ní Massachusetts General Hospital, Randall Lauffer gbójú lé albumin, purotéènì tó pọ̀ jù lọ nínú omi ẹ̀jẹ̀, tí ìtóbi rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè jò. Ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀, tí a wá mọ̀ sí Epix, so òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́ta tí kò fẹ́ràn omi mọ́ gadolinium nídìí. Bí abẹ́rẹ́ ti wọlé, àwọn òrùka náà sá fún omi, wọ́n kó sínú kòtò lára albumin. Albumin pọ̀n irin bí abiyamọ ti ń pọn ọmọ, wọ́n jọ ń ká gbogbo ara!

Ìyanu kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí irin yìí ń dá rìn, fìrìfìrì ló ń yí. Lẹ́yìn albumin, yíyí náà dẹ̀, ìtànmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì di ìlọ́po-ìlọ́po. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta oògùn àtijọ́ ti tó, àwòrán sì ṣeé yà fún bíi wákàtí kan.

Yúróòpù fọwọ́ sí oògùn Epix yìí lọ́dún 2005 ní orúkọ Vasovist, Amẹ́ríkà ní 2008; Ablavar ni wọ́n wá ń pè é. Ó dùn mí wọra pé ọjà rẹ̀ kò yá. Ní 2017, wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é.

Irin mìíràn ti dé kó tó lọ. Ferumoxytol ni, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2009 fún àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn. Wóró irin tíntìntín tí wọ́n fi èròjà onísúgà bò ni, ó sì ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn aláìsàn wọ̀nyí gan-an sì ni wọ́n ti ń bẹ̀rù gadolinium fún láti 2006, nítorí ó lè sọ awọ ara wọn di líle gbagidi. Àwọn dókítà wá ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ wọn ya àwòrán iṣan wọn! Kì í bá gbogbo ara lárẹ̀ẹ́, ó lè ṣekú pani; ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bu omi là á, tí wọ́n ń rọra dà á sí iṣan, tí wọ́n sì ń ṣọ́ aláìsàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán.