Ipa ajílẹ̀ lórí fọtosíńtẹ́sìsì àti ìlò omi àlìkámà

Ipa ajílẹ̀ lórí fọtosíńtẹ́sìsì àti ìlò omi àlìkámà dá lórí bí àwọn èròjà inú ajílẹ̀, pàápàá náítrójìn, ṣe ń yí agbára ewé láti fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ padà, àti iye omi tí ọ̀gbìn náà ń ná kí ó tó gbó. Ajílẹ̀ kò lè rọ́pò òjò. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí omi tó wà nílẹ̀ mú hóró púpọ̀ sí i jáde. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè ba èrè náà jẹ́.

Ìdí ni pé àwọn ihò tíntìntín ara ewé, èyí tí à ń pè ní sìtómátà, ni gáàsì kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì ń gbà wọlé, àwọn náà ni omi inú ewé ń gbà bá afẹ́fẹ́ lọ. John Bennet Lawes, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbin àlìkámà sínú ìkòkò dígí tí a dé lẹ́nu, ó sì ń wọ̀n ọ́n. Ìwé tí ó gbé jáde ní 1850 fi hàn pé omi tí ọ̀gbìn náà ná lé ní ìlọ́po 200 ìwọ̀n ara gbígbẹ tí ó kó jọ. Ní Akron ní ìpínlẹ̀ Colorado, Amẹ́ríkà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Briggs àti Shantz rí i lẹ́yìn 1910 pé ó súnmọ́ ìlọ́po 500.

Náítrójìn

Èyí tó pọ̀ jù nínú náítrójìn ewé ló wà lẹ́nu iṣẹ́ fọtosíńtẹ́sìsì. Rubisco nìkan, purotéènì tó ń mú kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì, máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí náítrójìn bá wọ́n, àwọn ewé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, nítorí ọ̀gbìn náà ń kó o lọ sí àwọn ewé tuntun. Bí ó bá tó, ewé yóò mú gáàsì púpọ̀ sí i láti ojú ihò kan náà. Ewé yóò sì tètè bo ilẹ̀, tí oòrùn kò fi ní fa omi ilẹ̀ gbẹ lásán. Ní oko Broadbalk ní Rothamsted, tí Lawes àti Joseph Henry Gilbert bẹ̀rẹ̀ ní 1843, apá tí wọn kì í fi ajílẹ̀ sí kì í mú ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan wá lórí hẹ́kítà kan.

Àwọn àgbẹ̀ Ọsirélíà mọ òdì kejì rẹ̀ dáadáa. Níbi tí òjò ti ń dá kí hóró tó gbó, náítrójìn àpọ̀jù a mú kí ewé pọ̀ yanturu, kí ó sì mu omi ilẹ̀ tán ṣáájú àkókò. Ṣúgà tí igi rẹ̀ ìbá fi pamọ́ fún hóró náà a dín kù. Pòròpórò á pọ̀, hóró á sì rún.

Àwọn èròjà yòókù

Pọ̀táṣíọ́ọ̀mù ló ń ṣí sìtómátà, tó sì ń pa á dé: bí ó bá wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí ihò náà ká, omi a tẹ̀ lé e, wọn a wú, ihò a sì là. Àlìkámà tí kò ní in tó kì í tètè pa ihò rẹ̀ dé nígbà ọ̀dá. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú ATP tó ń gbé agbára kiri, ó sì ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́.

Ní 1984, French àti Schultz ṣírò ní Gúúsù Ọsirélíà pé, lẹ́yìn nǹkan bíi mìlímítà 110 tí yóò gbẹ lọ láti inú ilẹ̀, mìlímítà omi kọ̀ọ̀kan lè mú tó kílò 20 hóró wá lórí hẹ́kítà kan. Oko púpọ̀ kò dé ibẹ̀, àìtó èròjà sì wà lára ohun tó fà á. Ní àríwá Nàìjíríà, níbi tí a ti ń bomi rin àlìkámà nígbà ọyẹ́, a sábà máa ń pín náítrójìn sí méjì: apá kan nígbà ìgbìn, ìyókù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà.