Òfófó Kò Gba Ẹgbàá: Fred Hampton àti Amí tí ó Wà nínú Ilé Rẹ̀

Àwọn àgbà ní, "Òfófó kò gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ni í mọ." Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, tí a sì ń fi bá ọmọdé tí ó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri wí. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹnìkan dé etí ẹlòmíràn kò ní rí owó gidi kan gbà nídìí rẹ̀. "O ṣeun" lásán ni yóò gbọ́, ẹni tí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà yóò máa ṣọ́ra fún un láti ọjọ́ náà lọ. Mo fẹ́ kí á gbé òwe yìí yẹ̀ wò nínú ìtàn, nítorí pé ìjọba ayé òde òní a máa san owó fún òfófó, a máa kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó, a sì máa fi ẹ̀bùn kún un fún ẹni tí ó bá ṣe é dáradára. Ìtàn tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni ti Fred Hampton, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ẹni tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa nínú yàrá rẹ̀ ní ìlú Chicago ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ọdún 1969, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21 péré.

Kí n tó wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ, nítorí pé èdè ni mo ń kọ́, ẹni tí ó bá sì ń kọ́ èdè a máa fẹ́ mọ ohun tí à ń pe nǹkan kí ó tó mọ bí nǹkan náà ti rí. Amí ni ẹni tí a rán lọ wo ìlú ọ̀tá, kí ó lè wá sọ ibi tí odi rẹ̀ ti sán; ti ogun ni amí í ṣe. Olófòófó ni ẹni tí inú rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀. A lè má rán an rárá. Ajẹ́lẹ̀ ni ojú ọba Ọ̀yọ́ ní ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbangba ni ajẹ́lẹ̀ ń gbé. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó bá sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí mọ̀ pé kò yẹ kí òun sọ ọ́ níṣojú rẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tí ó bá ènìyàn mulẹ̀ tí ó sì tún yí padà. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí mú nǹkan lára gbogbo wọn: a rán an bí amí, ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ bí olófòófó, ojú ìjọba ni bí ajẹ́lẹ̀, ó sì mulẹ̀ kí ó tó dalẹ̀. Amí ni n ó máa pè é, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 1948 ni a bí Fred Hampton. Kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún ni ó ti ń ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ NAACP ní Maywood, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Chicago. Ní ọdún 1968 ó wọ ẹgbẹ́ Black Panther, kò sì pẹ́ tí ó fi di alága wọn ní ìpínlẹ̀ Illinois. A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí a máa gbé ìbọn, wọ́n a sì máa bú ọlọ́pàá ní gbangba. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni ń fún àwọn ọmọ tálákà ní oúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé. Hampton ní ẹnu ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí kò jẹ́ bá ara wọn jókòó fi ń wá jókòó tì í. Ní ọdún 1969 ó so ẹgbẹ́ tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Young Lords, tíí ṣe ti àwọn ọmọ Puerto Rico, àti ẹgbẹ́ Young Patriots, tíí ṣe ti àwọn òyìnbó tálákà tí wọ́n ti gúúsù Amẹ́ríkà wá. Orúkọ òṣùmàrè ni wọ́n fi sọ ìṣọ̀kan náà, nítorí oríṣìíríṣìí àwọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀.

Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni FBI, ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ń bẹ̀rù. Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti dá ètò ìkọ̀kọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní COINTELPRO. Àwọn Kọ́múníìsì ni wọ́n kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967 wọ́n dojú rẹ̀ kọ àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nínú ìwé kan tí J. Edgar Hoover, ọ̀gá wọn, fi ránṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1968, ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí olùgbàlà kan dìde tí yóò so àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀nyí pọ̀. Iṣẹ́ tí ó rán wọn ju kí wọ́n ṣọ́ ènìyàn lọ; ó fẹ́ kí wọ́n da àárín wọn rú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, wọ́n kọ lẹ́tà sí Jeff Fort, olórí ẹgbẹ́ Blackstone Rangers ní Chicago, pé àwọn Panther ti ń gbèrò láti pa á. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà kò sọ orúkọ. Ó ṣe bí ẹni pé ọmọ ìyá aláwọ̀ dúdú kan ni òun tí àánú Fort ń ṣe. Ní ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ti jókòó kọ ọ́. Èmi tí mo ń kọ́ èdè ka èyí, ara mi sì bù máṣọ. Nítorí pé ohùn ọmọ ìyá ni ohun tí ènìyàn kọ́kọ́ ń gbẹ́kẹ̀ lé, òun ni wọ́n sì yá lò láti fi dá ìjà sílẹ̀.

Lẹ́tà nìkan kò tó wọn. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. William O'Neal ni aláǹgbá tí wọ́n wá rí. Ní ọdún 1966, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, O'Neal jí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì wà á kọjá sí ìpínlẹ̀ mìíràn, èyí tí ó sọ ọ̀ràn náà di ti ìjọba àpapọ̀. Òṣìṣẹ́ FBI kan tí ń jẹ́ Roy Mitchell wá a kàn, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé a lè gbàgbé ọ̀ràn yìí. Gbèsè tí a kò kọ sínú ìwé kankan nìyẹn. Ní ọdún 1968 Mitchell béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀: ó ní kí O'Neal lọ wọ ẹgbẹ́ Black Panther. Ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Chicago, ó ń wá ènìyàn, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. O'Neal wọlé, ó ṣiṣẹ́ kára, láìpẹ́ wọ́n sì fi ṣe olórí àwọn tí ń dáàbò bo ẹgbẹ́, òun a sì máa ṣọ́ Hampton fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níhìn-ín díẹ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ yàn pé kí ó máa wá amí kiri ni amí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́n sọ nípa rẹ̀ pé ó ṣe àga oníná kan láti fi dẹ́rù ba àwọn tí a bá fura sí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ síta. Ẹ ò rí i pé kò sí ibi ìsápamọ́ tí ó dára fún olè bí kí òun náà máa ké "olè, olè"? Ibẹ̀ ni oró amí pọ̀ sí ju ọ̀rọ̀ tí ó ń gbé lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá mọ̀ pé amí wà láàárín òun tí kò sì mọ ẹni náà, gbogbo ènìyàn ni yóò di amí lójú ara wọn. FBI mọ èyí dáadáa: nínú ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìkọ̀kọ̀ wọn, wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n túbọ̀ máa fọ̀rọ̀ wá àwọn ajìjàgbara lẹ́nu wò, kí ìfura lè pọ̀ sí i, kí wọ́n sì máa rò pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lúgọ sẹ́yìn gbogbo àpótí lẹ́tà tí ó wà ní ìgboro.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, O'Neal ṣe àlàyé bí ilé tí Hampton ń gbé ní òpópónà West Monroe ti rí. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀: yàrá báyìí, ilẹ̀kùn báyìí, ibùsùn Hampton báyìí. Mitchell gbé e fún àwọn ènìyàn Edward Hanrahan, agbẹjọ́rò ìjọba fún àgbègbè Cook. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìdájí ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ọlọ́pàá 14 dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn wá wá ìbọn tí kò bá òfin mu. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó sùn nínú ilé náà. Mark Clark, tí ó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, ni wọ́n kọ́kọ́ pa. Deborah Johnson, obìnrin tí ó lóyún fún Hampton tí oṣù rẹ̀ sì ti pé tán, jí ọkọ rẹ̀ títí, kò jí dáadáa. Wọ́n pa Hampton náà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ka ọta ní ọdún 1970, wọ́n rí i pé èyí tí ọlọ́pàá yìn kò dín ní 82, ó sì lè tó 99. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ti àwọn Panther.

Hanrahan ti kọ́kọ́ sọ fún aráyé pé ìjà ìbọn gbígbóná ni. Ìwé ìròyìn kan tẹ àwòrán ilẹ̀kùn jáde, ó ní ihò ọta àwọn Panther nìyí. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá kò ti ilé náà pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì tò wọ inú rẹ̀ lọ fi ojú ara wọn rí i: orí ìṣó ni ohun tí wọ́n pè ní ihò ọta. Síbẹ̀, a kò rí ẹnikẹ́ni dá lẹ́bi nílé ẹjọ́ nítorí ikú náà. Wọ́n dá Hanrahan sílẹ̀ ní ọdún 1972, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùdìbò lé e kúrò lórí oyè ní ọdún kan náà.

Bí a ṣe wá mọ̀ nípa ètò ìkọ̀kọ̀ náà jẹ́ ìtàn ní tirẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1971, nígbà tí etí gbogbo ayé wà lọ́dọ̀ Muhammad Ali àti Joe Frazier tí wọ́n ń ja ẹ̀ṣẹ́, àwọn ará ìlú kan fọ́ ọ́fíìsì FBI ní Media, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, wọ́n kó ìwé inú rẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fi òpin sí COINTELPRO. Ní ọdún 1973 àṣírí O'Neal tú. Ní ọdún 1975 sí 1976 ìgbìmọ̀ tí Frank Church darí ní ilé aṣòfin àgbà tú ìdí ọ̀rọ̀ náà wò. Àwọn ẹbí olóògbé àti àwọn tí ó yè pe ìjọba lẹ́jọ́, nínú ẹjọ́ náà ni ìwé kan sì ti jáde tí ó fi hàn pé, lẹ́yìn ikú Hampton, FBI fún O'Neal ní ẹ̀bùn dọ́là 300 fún iṣẹ́ rere tí ó ṣe. Ọdún 1982 ni ìjọba àpapọ̀, àgbègbè Cook àti ìlú Chicago tó gbà láti san dọ́là 1,850,000.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1893, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Yevno Azef, tí ń kàwé ní Karlsruhe ní ilẹ̀ Jámánì, kọ̀wé sí ọlọ́pàá ilẹ̀ rẹ̀ pé òun yóò máa sọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ òun ń ṣe. Wọ́n ń san rúbù 50 fún un lóṣù. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1903, òun ni olórí àwọn apànìyàn nínú ẹgbẹ́ ajìjàgbara tí ó ń ṣọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ pa Plehve, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ní ọdún 1904, bẹ́ẹ̀ ni mínísítà yìí gan-an ni ọ̀gá ọlọ́pàá tí ń san owó fún un. Ìjọba fi owó ara rẹ̀ ra ikú ara rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ìjọba tí kò bá ní etí, ọ̀tẹ̀ yóò ká a mọ́lé. Wọn yóò ní àwọn tí ń gbé àdó olóró wà lóòótọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á ya ẹni tí ń ṣọ́ ọ̀daràn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń ṣọ́ èrò ọkàn. Ìwé Hoover kò sọ pé ẹ wá ẹni tí ó jalè tàbí tí ó pànìyàn. Ohun tí ó ní kí wọ́n dènà ni kí àwọn ènìyàn ṣọ̀kan. Nígbà tí ìṣọ̀kan bá ti di ẹ̀ṣẹ̀, amí kò ní ṣe aláìrí ẹ̀ṣẹ̀ ròyìn lójoojúmọ́. Bí kò bá sì rí i, owó oṣù rẹ̀ yóò kọ́ ọ bí a ti í dá a sílẹ̀.

Ní ti O'Neal, àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán an, kò sì rí i fi tọmọ jẹ́. N kò dá a láre, nítorí pé ó ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ó fi lè sọ fún Hampton pé kí ó má sùn sí ilé náà. Ṣùgbọ́n n kò lè gbójú fo ẹni tí ó rán an. Mitchell àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí ọmọdékùnrin kan tí ó ṣẹ̀, wọ́n sì mú ẹ̀ṣẹ̀ kékeré rẹ̀ so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Lẹ́yìn tí àṣírí tú, ó yí orúkọ padà, ó sì fi Chicago sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó padà wá, ó gbà láti bá àwọn tí ń ṣe fíìmù ìtàn sọ̀rọ̀ ní ọdún 1989, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1990, ó sáré wọ ojú ọ̀nà níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń sáré, ọkọ̀ sì pa á. Àwọn tí ó yẹ ikú náà wò ní òun ni ó pa ara rẹ̀. Ẹni ogójì ọdún ni.

Òwe wa kò sọ iye tí wọ́n san fún un, ṣùgbọ́n ó mọ ọjà náà. Ìjọba ka dọ́là 300 sí i lọ́wọ́, èyí kò sì tó ẹgbàá lójú ẹni tí ó mọ ohun tí ó tà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí à ń ṣe ẹgbẹ́ lónírúurú, ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn: kì í ṣe pé kí á máa fura sí ara wa títí a ó fi fọ́ yángá, nítorí pé ohun tí ọ̀tá ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Kí ohun tí à ń sọ nínú yàrá jẹ́ ohun tí a lè sọ ní gbangba ọjà. Bí a bá sì rí ọmọdé kan láàárín wa tí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ti so okùn mọ́ lọ́rùn, kí á tètè bá a tú u, kí ẹlòmíràn má baà fi fà á lọ.