Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì

Àwọn tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìwà ẹ̀rọ náà ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ó ń sọ̀rọ̀, a ò sì lè dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹlifíṣọ̀n ṣe di amóhùnmáwòrán, tí ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù di amúlétutù. Ní báyìí, ẹ̀rọ kékeré kan ti dé tí Amazon àti Google ń tà, tí a ń gbé sórí tábìlì, tó ń dúró de ẹnu wa. A bi í pé agogo mélòó ló lù, ó dáhùn. A ní kó pa iná, ó pa á. Asọ̀rọ̀gbèsì ni tèmi á máa jẹ́, ẹni tó bá sì ti gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí kò ní béèrè ìtumọ̀.

Orúkọ tí a ń pè kí ẹ̀rọ náà tó jí, àlàjẹ́ ni. Alexa ni ti Amazon, ṣùgbọ́n onílé lè pa á dà sí Echo tàbí Computer bó bá wù ú. Orúkọ tó ṣeé pààrọ̀ báyìí kì í ṣe àbísọ. (Alexa kò tíì gbọ́ Yorùbá ṣá o. Ẹ bá a sọ ọ́ wò, yóò padà di asọ̀rọ̀mágbèsì lójú yín.)

Ilé tí wọ́n kó irú ẹ̀rọ wọ̀nyí sí, ilé ọlọ́gbọ́n ni àwọn kan ń pè é. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó lè ro ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn, gílóòbù kì í sì í ro nǹkan kan. Ohun méjì ni àwọn ẹ̀rọ náà ń ṣe. Wọ́n ń jẹ́ ìpè: a tẹ fóònù ní Ìkẹjà, fáànù dáwọ́ dúró ní Ìbàdàn. Àwọn kan nínú wọn sì ń fura: ẹnìkan gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lóru, iná tàn fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ilé ajẹ́pè ni gbogbo ilé náà, afura sì ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́nà: afura-èéfín, afura-ìrìn, afura-omi tí a ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Ooru ara ẹni tó ń kọjá ni ọ̀pọ̀ afura-ìrìn ń mọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń kàwé fi lè bá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣètò owó ya ajẹ́pè àti afura sọ́tọ̀. Àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ló ń mú èèyàn ra gílóòbù ajẹ́pè rẹpẹtẹ síbi tí afura kan ṣoṣo ì bá ti tó.

Inú ògiri, níbi tí wáyà wà, ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti le. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì, olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ iná kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná a sì máa fi àwọ̀ pe wáyà. Pupa ni iná ń bá wọlé, dúdú ló ń bá padà. Ètò àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Láàárín 2004 sí 2006, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn pa á dà: pupa di búráùn, dúdú di búlúù. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Yorùbá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, pupa náà ni búráùn, dúdú náà sì ni búlúù. Èdè wa gba ètò méjèèjì mọ́ra láìlàágùn. Àmọ́ ewu ló gbà mọ́ra yẹn, torí pé nínú ètò tuntun, níbi tí féèsì mẹ́ta bá ti wọlé, wáyà dúdú kan wà láàárín wọn tí iná gan-an wà nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ tí wọ́n ti sọ fún pé dúdú kì í gbé èèyàn lè kú síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí wáyà ń ṣe ni kí a fi pè é: wáyà àlọ, wáyà àbọ̀, wáyà ilẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n ń tẹ̀ sára ohun èlò bá a mu. L ni àlọ, N ni àbọ̀, E ni ilẹ̀.

Swíìsì ajẹ́pè ní rédíò kékeré nínú, ó sì ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀ kódà nígbà tí a bá ti pa gílóòbù. Nítorí èyí, púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ àlọ àti àbọ̀ nínú àpótí wọn. Onílé á tú swíìsì ilé àtijọ́, á rí wáyà méjì, á ní ó pé. Kò pé. Àlọ ni méjèèjì: ọ̀kan gbé iná dé swíìsì, èkejì gbé e kúrò níbẹ̀ lọ bá gílóòbù. Òkè àjà ni àbọ̀ wà, kò sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀ rí. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní àǹfààní. Kó ti sọ fún oníṣẹ́ iná kí wọ́n tó rẹ́ ògiri pé àbọ̀ gbọ́dọ̀ dé gbogbo àpótí swíìsì, kó sì ní kí wọ́n fi páìpù òfìfo díẹ̀ sílẹ̀ fún wáyà ọjọ́ iwájú. Ẹni tó ti ń gbénú ilé tẹ́lẹ̀ lè wá irú swíìsì tí kò nílò àbọ̀, tàbí kó fi ẹ̀rọ ajẹ́pè náà sí òkè àjà níbi tí àlọ àti àbọ̀ ti pàdé.

Ní ti iná tí kò tàn, ọlọ́rọ̀ ni wá. A lè pa á, ó lè kú, ó lè lọ, gílóòbù sì lè jó. Áàpù orí fóònù máa ń ya gílóòbù tí a pa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí òun kò rí bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá túmọ̀ méjèèjì sí "ó kú" ti ṣi onílé lọ́nà. "A ti pa á" ni ti àkọ́kọ́, "kò jẹ́pè" ni ti èkejì. Bí NEPA bá mú iná lọ (a ṣì ń pè é ní NEPA, bí òfin tilẹ̀ ti pa orúkọ náà rẹ́ láti 2005), gbogbo ilé ni kò ní jẹ́pè, àfi bí wáìfáì àti àwọn ẹ̀rọ náà bá wà lórí ìnfátà. Bí iná bá sì dé láago méjì òru, ọ̀pọ̀ gílóòbù ajẹ́pè ni yóò tàn gbòò sójú olóorun, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò wọ́n láti ilé iṣẹ́. Ibì kan wà nínú áàpù tí a ti lè yí i padà. "Bí iná bá dé" ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọdé Mushin kò ní ṣì í lóye.

Zigbee, Z-Wave àti Thread, ìyẹn àwọn èdè tí ẹ̀rọ ajẹ́pè fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìlo wáyà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ wọn. Ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀kan kì í gbọ́ èyí tó ń sọ òmíràn, àfi bí alárinà bá wà nínú ilé tó ń gbọ́ tọ̀tún tòsì. Matter, tó jáde ní 2022, ni èdè àjùmọ̀lò tí àwọn ilé iṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, bí Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ṣe ń pàdé nínú Yorùbá inú ìwé. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà lónìí, kó wá àmì rẹ̀ lára páálí.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni ti àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ ara ògiri tó ń sọ fún bọ́ílà ìgbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó yẹ kó sinmi. Amúlégbóná kò bá a mu, nítorí bọ́ílà ló ń ṣe ìyẹn. Afura-ooru sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń pàṣẹ pẹ̀lú. Tẹ́mósítáàtì ni mo ṣì ń kọ ní tèmi.