Ta Ni Kí A Gbà Síṣẹ́? Ìtàn Ìgbanisíṣẹ́ ní Ìlú Warri

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò sọ ẹni tí yóò fúnni ní iṣẹ́ ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tí ó yẹ kí ẹni náà wò kí ó tó fi í fúnni. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò ta kókó tó bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ oko bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, a bẹ ọ̀wẹ̀, tàbí kí àwọn ọ̀rẹ́ jọ dá àáró. Ẹni tí ó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Nínú ètò wọ̀nyí, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí a ń ṣiṣẹ́ fún sábà máa ń mọ ara wọn tẹbí-tẹbí. Nígbà tí iṣẹ́ owó oṣù dé ni àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àjèjì síṣẹ́, tí ó sì di dandan kí ẹnì kan dúró láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹni tí ó dúró láàárín yìí, tí à ń pè ní ọ̀gá ètò òṣìṣẹ́ lónìí, ni a fẹ́ tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nínú àròkọ yìí. Ìlú Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí ni pé níbẹ̀, ìgbanisíṣẹ́ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ inú ọ́fíìsì nìkan; ó ti di ọ̀ràn ilẹ̀, ọ̀ràn òṣèlú, àti nígbà mìíràn ọ̀ràn ẹ̀mí.

Ìlú náà àti Òwò Àkọ́kọ́

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó pe Warri àti agbègbè rẹ̀ ní ilé: Itsekiri, Urhobo àti Ijaw. Èdè àwọn Itsekiri sún mọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fi kà wọ́n mọ́ ẹbí kan náà. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni ilẹ̀ ìlú náà ti pẹ́ láàárín àwọn ẹ̀yà yìí, kò sì sí ẹni tí ó lè lóye ìgbanisíṣẹ́ níbẹ̀ bí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí.

Kí epo rọ̀bì tó dé, epo pupa àti ekùrọ́ ni òwò pàtàkì etí odò wọ̀nyí. Àwọn oníṣòwò Òyìnbó tí ń bá etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dòwò-pọ̀ máa ń gba àwọn Kru láti ilẹ̀ Làìbéríà síṣẹ́ inú ọkọ̀ àti èbúté. Wọn kì í ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Olórí wọn ni yóò kó wọn wá, òun ni yóò máa ṣàkóso wọn, yóò sì gba ìpín tirẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn. Olórí yìí ni a lè pè ní baba-ńlá àwọn agbanisíṣẹ́ etíkun wa. Nínú ìtàn rẹ̀ ni ìṣòro àkọ́kọ́ ti hàn: ẹni tí ó mú ènìyàn débi iṣẹ́ ní agbára lórí rẹ̀ kí ó tó gba owó ọjọ́ kan ṣoṣo.

Bí Òfin Ṣe Dé

Agbára yìí ni àwọn kan ṣì lò. Ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, àwọn alágbàkó máa ń fi ẹ̀tàn kó àwọn ọ̀dọ́ sínú ọkọ̀ ojú-omi lọ sí oko kòkó Fernando Po, erékùṣù tí ó wà lábẹ́ ìjọba Sípéènì nígbà náà. Ní 1942 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì ṣe àdéhùn lórí bí a ó ti máa gba òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀. Ṣáájú èyí, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ti ṣe ìlànà lórí iṣẹ́ àfipáṣe ní 1930, ó sì tún ṣe òmíràn lórí ìgbàṣíṣẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ tí Òyìnbó ń ṣàkóso ní 1936.

Nígbà tí ó di 1974, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ ọ́ gbangba pé kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ máa kó òṣìṣẹ́ jọ fún ẹlòmíràn láìgba ìwé àṣẹ. Ó tún pàṣẹ pé, kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọdọ̀ fún un ní ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ àti bí a ó ṣe fòpin sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi oṣù mẹ́ta yìí sọ́kàn. A óò tún padà kàn án.

Epo Rọ̀bì, Ilé-iṣẹ́ Ńlá àti Èrò Púpọ̀

Ní 1938 ni ilé-iṣẹ́ Shell D'Arcy gba àṣẹ láti máa wá epo rọ̀bì ní Nàìjíríà. Wọ́n kàn án ní Oloibiri ní 1956, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sókè òkun ní 1958. Láìpẹ́, Warri di ibùdó ńlá fún iṣẹ́ epo. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ epo, èyíinì Petroleum Training Institute, sílẹ̀ ní Effurun ní 1972. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo Warri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, wọ́n sì ṣí ilé-iṣẹ́ irin Delta Steel ní Aladja ní 1982. Láti gbogbo igun Nàìjíríà ni èrò ti wọ́ wá.

Sáà yìí náà ni ìmọ̀ ètò òṣìṣẹ́ fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1968, òfin sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ amọṣẹ́dunjú ní 1992. Abel Ubeku, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Urhobo, kọ ìwé lórí ètò òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975. Kò yani lẹ́nu pé ọmọ agbègbè yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ro ọ̀ràn náà jinlẹ̀.

Ilé ni À Ń Wò

Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Warri, ilé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gba ọmọ síṣẹ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1979, àti ti 1999 tí ó tẹ̀ lé e, ní kí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn àjọ rẹ̀ rí i pé kì í ṣe ìpínlẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ ni ó gba gbogbo ipò. Ìwé òfin kan náà ni ó sọ pé a kò gbọdọ̀ torí ẹ̀yà tàbí ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ọ̀gá ètò òṣìṣẹ́ ní láti ka ojú-ewé méjèèjì papọ̀. Lóòótọ́, ìlànà pípín ipò yìí kò de àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni bí ó ti de ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn tí a ń wa epo lórí ilẹ̀ wọn kò ní ṣàìbéèrè ìpín tiwọn.

Ìwé kékeré kan ni ọ̀ràn náà sábà máa ń rọ̀ mọ́: ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fúnni. Ẹni tí a bí sí Warri, tí ó dàgbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí bàbá rẹ̀ wá láti Ondo tàbí Onitsha, lè máà rí i gbà. Nítorí náà, ibi tí olú-ilé ìjọba ìbílẹ̀ wà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní 1997, ìjọba ológun gbé olú-ilé ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-oòrùn Warri láti Ogbe-Ijoh, tí í ṣe ìlú Ijaw, lọ sí Ogidigben, tí í ṣe ti Itsekiri. Ogun ìgboro bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé sì jóná. Iṣẹ́ nìkan kọ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ibi tí àga àṣẹ bá wà ni àǹfààní ń tọ̀.

Ní oṣù keje 2002, àwọn obìnrin Itsekiri wọ ibùdó epo ilé-iṣẹ́ ChevronTexaco ní Escravos, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ni kò lè jáde. Wọ́n leri pé àwọn yóò bọ́ra sí ìhòòhò bí a bá fi ipá lé wọn, ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ ńlá. Ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú ni iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn. Nínú àdéhùn tí ó parí ọ̀ràn náà, ilé-iṣẹ́ gbà láti gba ó kéré tán ènìyàn 25 síṣẹ́ láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ wo bí ọ̀ràn ti tóbi tó, kí iye iṣẹ́ sì mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀!

Ìṣòro Ojoojúmọ́

Lẹ́yìn ọ̀ràn ńláńlá wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí a wo tábìlì ọ̀gá ètò òṣìṣẹ́. Ìṣòro kìíní ni ìwé àwọn ènìyàn pàtàkì. Kí ó tó kéde pé àyè iṣẹ́ kan ṣófo, lẹ́tà ìjòyè, ti olóṣèlú àti ti ọ̀gá àgbà ti dé. Bí ó bá tẹ̀ lé wọn, ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò sunkún. Bí ó bá kọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an lè bọ́.

Ìkejì ni ayédèrú ìwé-ẹ̀rí àti ọjọ́-orí tí a dín kù. Yíyẹ ìwé wò lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gba àkókò, àwọn ọ̀gá tí ń dúró de òṣìṣẹ́ kò sì ní sùúrù. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.

Ìkẹta ni ó tún wọni lára jù: iṣẹ́ onígbà-díẹ̀. Láti dín ìnáwó kù, àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń gba òṣìṣẹ́ nípasẹ̀ agbaṣẹ́ṣe. Ọkùnrin kan lè ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́ gidi, láìní owó ìfẹ̀yìntì, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta péré ni òfin 1974 sọ. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, NUPENG àti PENGASSAN, ti bá èyí jà títí. Ní 2011 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbàtán ni à ń gba ọ̀lẹ. Ṣé òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọ̀lẹ ni kí a wá gbà ní àgbàkù?

Ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2014, nígbà ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ àjọ aṣọ́bodè, àwọn ọ̀dọ́ kú níbi tí èrò ti tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Àbújá àti àwọn ìlú mìíràn. Benin, tí kò jìnnà sí Warri, wà nínú wọn. Ẹni tí ó ṣètò ìdánwò láìka iye ènìyàn tí ń bọ̀ ti fi ẹ̀mí wéwu.

Ìkádìí

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ìgbanisíṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Láti ìgbà olórí àwọn Kru títí di òní, ìbéèrè kan náà ni ó ń padà wá: ta ni ẹni àárín náà ń ṣiṣẹ́ fún? Bí ó bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ nìkan, ará ìlú yóò dìde. Bí ó bá jẹ́ ti ará ìlú nìkan, iṣẹ́ lè bàjẹ́, kò sì ní sí èrè tí ẹnikẹ́ni yóò pín.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kí ilé-iṣẹ́ máa kéde àyè iṣẹ́ ní gbangba, kí ó sì sọ ìdí tí a fi mú ẹni tí a mú. Kí ó kọ́ ọmọ ìlú níṣẹ́ ṣáájú kí ó tó sọ pé wọn kò mọṣẹ́. Kí ìjọba sì fi ojúlówó mú òfin tí ó ti wà láti 1974 ṣẹ. Àwọn ọmọ Warri a máa yangàn pé àwọn kì í gbẹ́yìn nínú ohunkóhun. Olùwáṣẹ́ tí a bá gbé ọ̀ràn rẹ̀ yẹ̀ wò láìṣe ojúsàájú lè gbẹ́yìn lónìí kí ó sì gbà á. Ẹni tí a fi ìwé ọlọ́lá lé sẹ́yìn kò ní gbàgbé láéláé.