Ìbọn Lọ́wọ́ Awakọ̀ Bàálù

Ètò ààbò kan ní Amẹ́ríkà ló fún awakọ̀ bàálù láyè láti gbé ìbọn wọ yàrá ìwakọ̀. Ẹ má pe irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ní agbébọn o. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti ajínigbé lẹ́nu wa. Ohun tó bí ètò náà ni ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, tí ọkùnrin 19 fi ọ̀bẹ kéékèèké gba bàálù mẹ́rin. Òfin rẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002. Awakọ̀ 44 ló kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ ètò náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2003.

Awakọ̀ tó bá wù ló ń yọ̀ǹda ara rẹ̀. Wọ́n á wádìí rẹ̀ wò, kó tó lọ lo bí ọ̀sẹ̀ kan fún ẹ̀kọ́ ní Artesia, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ìjọba ló ń pèsè ìbọn, ọta àti olùkọ́. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ọkọ̀, owó ibi tí yóò sùn àti ọjọ́ ìsinmi tó fi lọ, ti awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni, wọn kì í sì í san kọ́bọ̀ lé owó oṣù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ètò náà kò fi ná ìjọba lówó púpọ̀: bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là lọ́dún nígbà náà. Síbẹ̀, ìjọba Obama fẹ́ gé e sí ìdajì nínú ìṣúná ọdún 2013.

Àṣẹ láti lo ìbọn náà kò kọjá ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ìwakọ̀. Ó sì ní ewu tirẹ̀: ní oṣù Kẹta ọdún 2008, ìbọn awakọ̀ kan ṣèèṣì yìn nínú bàálù US Airways tó ń lọ sí Charlotte. Kò bá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọta náà lu ara bàálù já.

Nàìjíríà kò ní irú ètò yìí. Bẹ́ẹ̀, a ti rí ìjákọ̀gbà rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1993, ọ̀dọ́ mẹ́rin já bàálù Nigeria Airways tó ń ti Èkó lọ sí Àbújá gbà, nítorí ìbò June 12 tí wọ́n fagi lé. Niamey ni wọ́n balẹ̀ sí. Ìgbà tí àwọn agbófinró Niger ya wọ inú bàálù náà, òṣìṣẹ́ bàálù kan kú.

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2003 ni òfin àgbáyé ti ní kí bàálù ńlá tó ń kó èrò ní ilẹ̀kùn yàrá ìwakọ̀ tí ọta kò lè wọ̀. Lójú tèmi, ilẹ̀kùn yìí ṣe ju ìbọn lọ. Ṣùgbọ́n tí ọ̀tá bá wà nínú ilé ńkọ́? Ní oṣù Kejì ọdún 2014, ọ̀gá awakọ̀ bàálù Ethiopian kan lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lójú òfúrufú; igbákejì rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, ó wa bàálù tó ń lọ sí Róòmù gba Geneva lọ. Nígbà tó balẹ̀, ó ju okùn sílẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ọlọ́pàá.