Ọ̀pá Ta Ni Ọlọ́pàá Mú Dání? Ìtàn Iṣẹ́ Ìdájọ́ àti Iṣẹ́ Ìjọba Láàrin Yorùbá

Ìfáárà

Ó wọ́pọ̀ kí òbí Yorùbá fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ òun ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì. Kò wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó fi irú ayọ̀ kan náà kéde pé ọmọ òun fẹ́ ṣe ọlọ́pàá, tàbí pé iṣẹ́ wọ́dà ni ó wù ú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀: ọlọ́pàá ni ó ń mú ẹni tí a fura sí, agbẹjọ́rò ni ó ń bá a rojọ́, adájọ́ ni ó ń dá ẹjọ́ rẹ̀, wọ́dà ni ó sì ń ṣọ́ ọ bí ó bá jẹ̀bi. Kí ló dé tí a fi ń yin ọ̀kan, tí a sì ń fura sí èkejì?

Iṣẹ́ yìí gbà pé inú ìtàn ni ìdáhùn wà. Kì í ṣe pé Yorùbá kórìíra iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ ìdájọ́. Ọ̀nà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà wọ àárín wa, àti ẹni tí ó rán òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ni ó pinnu ojú tí a fi ń wò ó. Orúkọ gan-an sọ díẹ̀ níbẹ̀. Agbẹjọ́rò ni ẹni tí ó gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò. Ọlọ́pàá ni ẹni tí ó ní ọ̀pá. Orúkọ àkọ́kọ́ sọ ohun tí òṣìṣẹ́ ń bá ni ṣe. Orúkọ kejì sọ ohun tí ó mú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹni náà ni a óò wá lọ, láti ààfin Ọ̀yọ́ títí dé ọdún 2020.

Ìdájọ́ kí kóòtù tó dé

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, a rí i pé iṣẹ́ ìdájọ́ ní àyè tirẹ̀ ní ààfin Ọ̀yọ́. Láàrin àwọn ìwẹ̀fà àgbà mẹ́ta, Ọ̀nà Ẹfà ni ó ń dúró fún Aláàfin nínú ọ̀ràn ẹjọ́, Ọ̀tún Ẹfà nínú ọ̀ràn ẹ̀sìn, Òsì Ẹfà nínú ọ̀ràn ìṣàkóso. Àwọn ìlàrí, tí a máa ń fá apá kan orí wọn, ni ìránṣẹ́ tí ọba ń rán káàkiri. Àwọn tẹ̀tú ni wọ́n sì ń mú ìdájọ́ ikú ṣẹ. Ní Ifẹ̀ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ẹmẹsẹ̀ ni a ń pe ìránṣẹ́ ààfin. Láàrin àwọn Ẹ̀gbá, àwọn Ògbóni ni wọ́n di ẹjọ́ ńlá mú. Láàrin àwọn Ìjẹ̀bú, Òṣùgbó ni.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a fi ọkàn sí. Èkíní, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kì í dé ààfin rárá. Baálé ilé ni ó ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bí kò bá sì yanjú, yóò di ti olóyè àdúgbò. Ohun tí wọ́n ń lé ni kí àwọn tí ó jọ ń gbé ilé lè máa gbé e lọ. Ìdí nìyí tí òwe fi kìlọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èkejì, ìránṣẹ́ ọba kì í gba owó oṣù. Ohun tí ó bá rí ní ẹnu iṣẹ́ ni ó ń jẹ, ẹni tí ó sì rán an nìkan ni ó lè bá a wí.

Ewu tí ó wà nínú ètò bẹ́ẹ̀ hàn gbangba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ìbàdàn ń fi àwọn ajẹ́lẹ̀ ṣọ́ àwọn ìlú tí ó ṣẹ́gun. Ìwà ìmúnisìn àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn wà lára ohun tí ó dá ogun Kírìjì sílẹ̀, nígbà tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀. Nítorí náà, kò tọ́ kí a máa sọ pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ìlòkulò agbára. Yorùbá ti mọ òṣìṣẹ́ tí ń jẹ ìlú run kí òyìnbó tó dé, wọ́n sì ti bá a jà.

Ọ̀pá àjèjì ní Èkó

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí McCoskry, tí ó di ipò gómìnà mú, kó àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké kan jọ. Láti inú irú ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Hausa ti dìde ní ọdún díẹ̀ sí i, tí ó sì di Hausa Constabulary ní 1879. Ní 1896 ni wọ́n dá àwọn ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930, wọ́n da ọlọ́pàá ìhà Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan fún gbogbo Nàìjíríà.

Tekena Tamuno, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1970 lórí ìtàn ọlọ́pàá Nàìjíríà, tọ ìdàgbàsókè yìí láti 1861 dé 1965. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún wa ni irú ẹni tí wọ́n yàn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Hausa wọ̀nyí jẹ́ ẹrú tí ó sá kúrò ní ilé olówó wọn, àwọn olówó náà sì sábà máa ń jẹ́ Yorùbá. Gómìnà kò ṣì wọ́n yàn. Ẹni tí kò ní ẹbí nínú ìlú, tí ó sì ní ìdí láti bínú sí ìlú náà, kò ní kọ̀ bí a bá ní kí ó nà án. Inú bárékè ni a kó wọn sí, kí ìrẹ́pọ̀ má baà wà láàrin wọn àti aráàlú.

A gbọ́dọ̀ wo ọ̀ràn náà láti ojú àwọn fúnra wọn pẹ̀lú. Fún ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú lánàá, aṣọ ìjọba àti owó oṣù kì í ṣe ohun kékeré, òmìnira ni. Ohun tí ó jẹ́ ìgbéga fún ọlọ́pàá ni ó jẹ́ ìtìjú fún ìlú tí ó ń ṣọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti dá ìran òṣìṣẹ́ àti ìran aráàlú sí ọ̀nà méjì.

Ọmọ tiwa ní aṣọ dúdú

Ọ̀nà mìíràn ni iṣẹ́ agbẹjọ́rò gbà wọlé. Òfin ilé-ẹjọ́ gíga ti 1876 gba adájọ́ àgbà láàyè láti fún àwọn tí wọ́n ní ìmọ̀ díẹ̀ nínú ìwé ní àṣẹ láti máa rojọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó gba oyè òfin tó. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sàró ní 1855, gba oyè ní Inner Temple ní 1879. Ní oṣù kìíní ọdún 1888, ó forúkọ sílẹ̀ ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó ní oyè náà. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1901, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1915. Nígbà tí ìjọba gbé òfin tí ó de ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé ìròyìn kalẹ̀ ní 1909, Williams wà lára àwọn tí wọ́n takò ó nínú ìgbìmọ̀ ìjọba gan-an.

Ìjọba fúnra rẹ̀ tún bu ọlá kún iṣẹ́ náà láìmọ̀. Nínú ètò ilé-ẹjọ́ tí Lugard gbé kalẹ̀ ní 1914, wọn kò jẹ́ kí agbẹjọ́rò fi ẹsẹ̀ kan ilé-ẹjọ́ ìgbèríko àti ti ìbílẹ̀. Àtúnṣe 1933 ni ó fòpin sí àwọn ilé-ẹjọ́ ìgbèríko náà. Ẹni tí ìjọba ń tì sẹ́yìn báyìí, ẹni tiwa ni lójú aráàlú.

Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àga ìdájọ́. Olúmúyìwá Jíbòwú di májísíréètì ní 1931. Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, gba oyè rẹ̀ ní 1933, ó sì di májísíréètì ní 1943. Ọ̀nà tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá tọ̀ tilẹ̀ yẹ fún àfiyèsí. Ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ni. Ó gba oyè òfin ní 1934, ó ṣiṣẹ́ ìjọba díẹ̀, ó dá iṣẹ́ agbẹjọ́rò ṣe, ó di májísíréètì ní 1939, adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ní 1949, adájọ́ àgbà ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955, àti adájọ́ àgbà Nàìjíríà láti 1958 títí di 1972. Ọmọ ààfin ni ó ń dájọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní orúkọ ààfin mọ́.

Síbẹ̀, ọlá tí a fún ẹni náà kò di ìfẹ́ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Òwe tí ó ní ọ̀rọ̀ tuntun yìí nínú fi hàn bẹ́ẹ̀: a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ilé-ẹjọ́ ìgbà àtijọ́ ń wá ìrẹ́pọ̀. Kóòtù ń wá ẹni tí ó jàre. Yorùbá gba òṣìṣẹ́ náà, wọ́n sì ń fura sí ilé tí ó ń ṣiṣẹ́ sí.

Akódà, akọ̀wé kóòtù àti wolé-wolé

Láàrin àwọn méjèèjì yìí ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà. Ìjọba àpapọ̀ Ẹ̀gbá, tí ó wà láti 1898 títí di 1914, ní ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn 1914, ní abẹ́ àwọn ọba tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà ṣàkóso, akódà ni wọ́n ń pe ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Orúkọ tí ó ní idà nínú ni, láti inú ààfin ni ó sì ti wá. Akódà gbọ́ èdè, ó mọ ilé onílé, ó sì mọ ẹni tí owó orí rẹ̀ kò tíì pé. Akọ̀wé kóòtù nìkan ni ó sábà mọ ohun tí ó wà nínú ìwé tí àwọn olóyè tẹ ìka sí. Wolé-wolé ń yẹ ìkòkò omi wò, ó sì lè sọ ìdin ẹ̀fọn di ẹjọ́.

Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n jíjẹ́ ọmọ ìlú nìkan kò tó. Òfin kóòtù ìbílẹ̀ tí ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ṣe ní 1957 pín àwọn ilé-ẹjọ́ sí ìpele, ó sì fi agbẹjọ́rò ṣe olórí ìpele tí ó ga jù. Ètò tí ó dára ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n àríwísí pọ̀ pé ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó ń yan àwọn tí ń jókòó níbẹ̀. Nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní ẹkùn náà láti 1962, akódà àti kóòtù ìbílẹ̀ di ohun ìjà ní ọwọ́ ẹni tí ó bá wà lórí oyè. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà dìde sí owó orí àti sí ìwà àwọn tí ń gbà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ìjọba ni ó bàjẹ́ ní àkókò yìí. Simeon Adébọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó tún gba oyè agbẹjọ́rò, darí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ní àwọn ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Òkìkí ètò náà dá lórí ìlànà kan: òṣìṣẹ́ ń gba ìmọ̀ràn òun kalẹ̀ láìbẹ̀rù, owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, ìgbéga rẹ̀ kò sì sí ní ọwọ́ olóṣèlú kan ṣoṣo. Ohun tí akódà kò ní gan-an nìyẹn.

Láti 1966 dé Àmọ̀tẹ́kùn

Lẹ́yìn ìfipágbàjọba 1966, ìjọba ológun pinnu láti pa ọlọ́pàá ìbílẹ̀ rẹ́. Òfin 1999, ní abala 214, fi múlẹ̀ pé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Ìlòkulò akódà ni ìdí tí a rí, kì í sì í ṣe ìdí kékeré. Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà dá wa padà sí ọgbọ́n 1861: ọlọ́pàá tí ó ń gbé bárékè, tí a lè gbé lọ sí ibi tí kò ti gbọ́ èdè, tí ó sì ń jíhìn fún ẹni tí ó jìnnà. Òfin inú iṣẹ́ náà pàápàá gbé àmì ìgbà àtijọ́. Ọdún 1955 ni obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, síbẹ̀ ó di 2012 kí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó tó fagi lé ìlànà tí ó ní kí ọlọ́pàábìnrin gba àṣẹ ọ̀gá kí ó tó lọ́kọ.

Ọdún 2020 kó gbogbo ìbéèrè àtijọ́ jọ sójú kan. Ní oṣù kìíní, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìhà Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti kún ojú pópó, ìjọba àpapọ̀ tú ẹ̀ka SARS ká. Ìṣẹ̀lẹ̀ kìíní ń wá ẹ̀ṣọ́ tí ó mọ ilé onílé. Èkejì ń wá ọlọ́pàá tí ẹnìkan lè bá wí. Ìtàn akódà fi hàn pé èkíní láìsí èkejì kò lè gbà wá.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú gbogbo ohun tí a ti yẹ̀ wò, ohun mẹ́ta ni ó ń sọ iṣẹ́ ìdájọ́ di iṣẹ́ ọlá láàrin Yorùbá: kí àwọn tí òṣìṣẹ́ ń ṣọ́ ní ọwọ́ nínú rírán an, kí ó gba owó tí yóò tó o jẹ kí ó má baà jẹ ìlú, kí ó sì wà lábẹ́ ẹni tí ó lè bi í léèrè, yàtọ̀ sí ẹni tí ó rán an. Ìlàrí ní ìkíní díẹ̀, kò ní ìyókù. Ọlọ́pàá Èkó ní èkejì, kò ní ìkíní. Akódà sún mọ́ wa jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè bi í léèrè bí kò ṣe ọ̀gá rẹ̀. Agbẹjọ́rò ni ó sún mọ́ ọn jù, nítorí ẹlẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń yàn án, ilé-ẹjọ́ sì lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ó bá ń rò ó lónìí bóyá kí òun wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ wọ́dà tàbí iṣẹ́ ìjọba kò yẹ kí ó gbà pé àṣà ni ó ń dí òun lọ́nà. Àwọn tí ń ṣe òfin ni ó yẹ kí ìtàn yìí dá dúró. Bí wọ́n bá dá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ lọ́la, tí gómìnà nìkan sì ń bi í léèrè, akódà ni wọ́n dá padà, bí wọ́n tilẹ̀ fún un ní orúkọ tuntun. Àwọn àgbà ní ẹjọ́, a kì í ṣe tẹni ká má mọ̀ ọ́n dá. Ẹjọ́ yìí tiwa ni, a sì ti ní ẹ̀rí tó láti dá a.